Héésì Kì í Fẹ́ Héésì

Pálọ̀ bàbá àgbà ọkọ mi ní Levenshulme kò rùn bí ilé òyìnbó mìíràn tí mo wọ̀ rí ní Manchester. Òórùn tábà tó ti wọ inú kọ́tìnì ni, pẹ̀lú òórùn kábéèjì bíbọ̀, àti ti kóòtù tí òjò pa tí wọ́n fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ híìtà. Ọ̀rẹ́ mi, títí dòní, bí òjò bá pa mí bọ̀ láti Stockport Road, tí mo bá bọ́ kóòtù mi, òórùn yẹn á kàn gbé mi padà sórí àga pupa rẹ̀, níbi tí mo jókòó sí tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Gbogbo ògiri pálọ̀ yẹn ló kún fún àwòrán. Ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan ń kọrin, ọ̀kan jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan wà lórí ẹṣin, adájọ́ onírùngbọ̀n kan sì wà tó ń wo èèyàn bí ẹni pé o ti jí nǹkan. Ìlúmọ̀ọ́ká ni gbogbo wọn, Hayes sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Èmi náà ń jẹ́ Hayes. Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń jẹ́ Hayes, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ọmọ Abẹ́òkúta ń jẹ́ Hayes. Ìran Sàró ni wá. Wọ́n kó bàbá ńlá wa lẹ́rú nígbà tó wà ní kékeré, ọkọ̀ ojú omi kan gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n sì já a sí Sàró. Míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Hayes mú un sọ́dọ̀, ó bọ́ ọ, ó kọ́ ọ níwèé, ó sì fún un lórúkọ. Nígbà tó fi máa rí ọ̀nà padà sílé, orúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Héésì ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Nílé wa, a kì í fi ṣeré rárá. Bí mo bá ti ṣìwà hù báyìí, bàbá mi á ní, "Ṣé Héésì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Àfi bí ẹni pé àwọn áńgẹ́lì ló ń jẹ́ ẹ.

Mo wá kàwé ní Manchester, mo parí, mo dúró, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan ní Wigan kí iṣẹ́ gidi tó yọjú. Lọ́jọ́ kan, páálí ńlá kan já lé mi lẹ́sẹ̀. Mo jókòó ní ilé ìwòsàn, mò ń pọ̀ṣẹ́, nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú tó sì ké pé, "Hayes!" Mo dìde. Òyìnbó gíga kan tó fi aṣọ di ọwọ́ náà dìde. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wò ó, ó ní, "Ṣé tọkọtaya ni yín ni?"

Òyìnbó náà ní, "A ò tíì dé ibẹ̀."

Ẹnu ẹ̀ dùn, kí n má purọ́ fún ọ. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó san, ó ti mọ ilé mi, ó ti mọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó sì ti ń dọ̀bálẹ̀ kí pásítọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó bọ́ sábẹ́ àga.

Ayé ìgbà tí à ń ra káàdì tí wọ́n ń họ láti fi pe ilé ni. Mo pe bàbá mi. Mo ní òyìnbó ni. Ó ní kò burú, Ọlọ́run kan náà ló dá wa. Mo ní onígbàgbọ́ ni. Ó ní ògo ni fún Olúwa. Ó wá béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́, mo rò pé inú bàbá á dùn. 

"Héésì fẹ́ fẹ́ Héésì?" ni ó wí. "Àbẹ̀ní, ṣé orí ẹ pé?"

"Bàbá, òyìnbó ni o! Ibo ni èmi àti ẹ̀ ti fẹ́ bá ara wa tan?"

"Ta ló tọ́ bàbá ńlá wa? Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Ẹni tó tọ́ni dàgbà, ṣé kì í ṣe bàbá ẹni ni? Àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ ni wọ́n. Èèwọ̀ ni. Bó o bá rí ibi tí òyìnbó Sàró yẹn ti ṣẹ̀, tí o sì fi hàn mí pé ìran ọmọkùnrin yìí kọ́, ìgbà náà la tó lè tún jọ sọ ọ́." Ó gé fóònù.

O mọ̀ mí, mi ò lè jókòó sójú kan bí nǹkan bá ń dùn mí. Mò ń rin Stockport Road lọ, mò ń rìn ín bọ̀, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo jáde láìra nǹkan kan. Inú ń bí mi sí bàbá mi gan-an. Èyí tó wá burú jù ni pé mo mọ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àfẹ́sọ́nà rí nílé. Nígbà tí wọ́n tú ìdí ìran wò, wọ́n bá ìyá ńlá kan náà lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà sì tú ká lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún, àmọ́ kò jiyàn. Inú òfin yẹn ni wọ́n tọ́ èmi náà sí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí dé ibi tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ọkọ tí bàbá mi ò súre fún. Pásítọ̀ ní kí n gbàdúrà. Mo gbàdúrà. Ẹsẹ̀ mi ò yéé gbọ̀n.

Ìtàn ilé wa sọ pé orí òkè kan lẹ́bàá Manchester, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ni òyìnbó Sàró náà ti wá. Ọkọ mi wá fi mọ́tò gbé mi gòkè lọ sí Dobcross, abúlé tó wà lórí òkè náà. Ilé àwọn ahunṣọ àtijọ́ ló wà níbẹ̀, òkúta dúdú dúdú, fèrèsé tò gbọọrọ lójú wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè dé orí òfì. Atẹ́gùn òkè yẹn ń gbá èèyàn létí. A wọ ìtẹ́ òkú. Mo rí Hayes lára òkúta kan. Mo tún rí Hayes lára èyí tó tẹ̀ lé e.

Mo ní, "Ṣé àwọn èèyàn yín nìyí?"

Ó gbé èjìká. "Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Ẹ gbà mí o! Géńdé ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kò mọ ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀! Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Mo ní kó wọ mọ́tò, kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bá a ṣe dé Levenshulme, mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà, mo jókòó sórí àga pupa, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó bu tíì fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn Hayes tí wọ́n sin sí Dobcross, ẹbí yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Àwọn yẹn? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n! Ará Ireland ni wá. Bàbá mi wọkọ̀ ojú omi wá síbí wá gbẹ́lẹ̀ jẹun ni. Orúkọ mìíràn là ń jẹ́ lédè àwọn baba wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jọba lé wa lórí ló sọ ọ́ di Hayes."

Ara mi kọ́kọ́ wálẹ̀. Ni mo bá gbójú sókè wo ògiri. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Ó fa tábà rẹ̀. "Mi ò mọ ìkankan nínú wọn," ni ó wí. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ọ̀dọ́ tí òun ń wá yàrá kiri, bí òun bá ti lanu tí wọ́n gbọ́ ohùn Ireland, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Òun wá ń gé àwòrán àwọn Hayes tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ìròyìn, òun ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kí onílé tó bá yọjú lè rò pé ilé ńlá ni òun ti wá. "Nígbà tó yá, ìyàwó mi kú, àwọn ọmọ lọ. Mo wá ń kí wọn láàárọ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo rántí ọmọ kékeré tó bọ́ sílẹ̀ ní Sàró, tí kò mọ ẹnì kan, tó gba orúkọ tí wọ́n nà sí i nítorí pé oúnjẹ àti òrùlé wà lẹ́yìn orúkọ náà. Bàbá yìí ì bá mọ̀ ọ́n dáadáa ju gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, a pe Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ìgbéyàwó tó ń parí nílé wa láìsí ìyá yẹn níbẹ̀. Bàbá àgbà ń sọ tiẹ̀, mò ń túmọ̀. Nígbà tó parí, bàbá mi ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ṣì ni."

Ìyá ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, dákẹ́." Bàbá mi nìyẹn o, ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ̀rù! "Bí mo bá ń kí ọ láàárọ̀, ṣé Héésì ni mo fi ń kì ọ́?"

Bàbá mi ní rárá.

"Oríkì wa ti wà kí òyìnbó kankan tó gbé ẹnikẹ́ni lójú omi. Àbẹ̀ní, bi bàbá yẹn léèrè: kí ni wọ́n ń pè é láàárọ̀ nílé tiwọn?"

Mo bi í. Ó mú tábà kúrò lẹ́nu. Ó ronú, ó wá sọ gbólóhùn bíi mélòó kan lédè àwọn baba rẹ̀, ó ní ohun tí ìyá òun fi máa ń jí òun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ láàárín wa, ọmọ ọmọ rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ.

"Ó dùn létí," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n kò bá tiwa mu rárá. Ẹni tí oríkì rẹ̀ ò bá tiwa mu kì í ṣe ẹbí wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn, jàre."

Bàbá mi gba fóònù padà. "Bá mi kí bàbá yẹn," ni ó wí. "Ṣé ó ń jẹ ẹ̀gúsí?" Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi dúró.

Bàbá mi wá síbi ìgbéyàwó wa, ó sì tún padà wá nígbà tí a bímọ. Òun àti bàbá àgbà jókòó sí pálọ̀ yẹn lójoojúmọ́, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn, síbẹ̀ ẹ̀rín wọn ń dé ojú títì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bàbá àgbà kú, èmi àti ọkọ mi sì lọ palẹ̀ ilé náà mọ́. Òórùn tábà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlúmọ̀ọ́ká ti kúrò lára ògiri, agbábọ́ọ̀lù, bíṣọ́ọ̀bù, adájọ́, gbogbo wọn. Ojú ibi tí wọ́n wà nìkan ló kù. Àwòrán kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀: òun àti bàbá mi lórí àga pupa, ọmọ wa láàárín wọn.

Mo pe bàbá mi, mo sọ fún un. Ó bú sẹ́kún. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé o wá rí i? Mo sọ fún yín látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹbí ni wá."

Mi ò bá a jiyàn. Òótọ́ ló sọ; ó kàn tètè sọ ọ́ jù ni.