Rọ́bà Tí Bàbá Mi Fi Ń Wọn Ilé

Bí ẹ bá wọ ilé wa ní Mowe lónìí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí lára ògiri pálọ̀ ni rọ́bà gbọọrọ kan tí a ká bí ejò, tí a fi kọ́ ìṣó. Ojú ń rí inú rẹ̀. Àlejò a máa rò pé ẹnì kan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. A ò gbàgbé. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ló ti wà níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, rọ́bà yẹn ló jọ ọ́ jù.

Bírìkìlà ni bàbá mi. Mowe ni wọ́n bí i sí, nígbà tí ibi tí à ń pè ní Lotto lónìí ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí àwọn ará Èkó kò tíì máa ṣí wá. Ilé tó kọ́ láti ibẹ̀ títí dé Arepo, èmi ò lè kà á tán. Bí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri ilé kan dọ́gba, á rọ omi sínú rọ́bà yẹn, á di orí kan mú, ẹlòmíràn á di orí kejì mú ní ìkángun ilé lọ́hùn-ún. Ibi tí omi bá ga dé lápá ọ̀hún, ibẹ̀ náà ni yóò ga dé lápá ìhín. Bí ògiri bá wá lọ sílẹ̀ ju ojú omi lọ níbì kan, a jẹ́ pé irọ́ ń bẹ nínú rẹ̀ nìyẹn. Bàbá a ní, "Omi kì í ṣègbè."

Mo rántí olùkọ́ kan tó ń kọ́lé ní Lotto. Ògiri yàrá kan wọ́ díẹ̀, Bàbá sì ní òun máa wó o. Olùkọ́ ń bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Pílásítà á bò ó."

Bàbá ní, "Pílásítà a máa bo ògiri, kì í bo bírìkìlà." Ó wó o.

Kódà bí àwa ọmọ bá ń jà nílé, rọ́bà yìí náà ni. Á rọ omi kún un dé ẹnu, á ní kí àwọn oníjà méjèèjì di orí kọ̀ọ̀kan mú, kí wọ́n dúró. Ẹni tó bá mì, omi á dà sí i lára. Ta ló lè máa fi ìbínú dúró kó má mì? Kó tó pẹ́, aṣọ àwa méjèèjì á ti tutù, ẹ̀rín á sì ti gba ẹnu wa.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo ra ilẹ̀ díẹ̀ sí Ifo. Ìyá tó ni ilé tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé ti ní kí a wá ibòmíràn gbà, ara mi kò sì balẹ̀ mọ́. Mo rò ó pé bí mo bá sọ fún Bàbá, ìpìlẹ̀ nìkan á gbà á lóṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo kìlọ̀ fún àwọn àbúrò mi pé Bàbá kò gbọdọ̀ gbọ́. Mo ní ó ti dàgbà jù, kó má baà ní òun fẹ́ gun àkàbà. Irọ́ ni. Ìkánjú ló ń ṣe mí.

Ògiri ti ń sún mọ́ ibi tí òrùlé yóò jókòó lé nígbà tí fóònù mi dún ní ọjọ́ Jímọ̀ kan.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "ọkùnrin kan tó ń ta búlọ́ọ̀kù kí mi kú oríire ní mọ́ṣáláṣí lónìí."

"Oríire wo, Bàbá?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo dúró sí nínú yàrá, bí ẹni pé ó ń rí mi. "Bàbá, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nínú ìdílé wa, kò sí ọmọ tó ń sùn nínú ilé tuntun kí Bàbá tó sùn níbẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀, kí onílé àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó wọlé. Gbogbo àbúrò mi ló ṣe é fún. Bí ó bá wá wo ilé tí mo fi pamọ́ fún un, tó ní òun ò sùn níbẹ̀ ńkọ́? Ilé wo ni mo kọ́ nígbà náà?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé Ifo, lẹ́yìn tó ti wọ ọkọ̀ mẹ́ta. Ó wọ jalabíà funfun, ó fi rọ́bà kọ́ èjìká. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó sì béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bírìkìlà mi ti rí i láti orí ògiri. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ọgbà lẹ fẹ́ bomi rin ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ògiri ni mo fẹ́ bomi rin. Sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi di orí kan mú."

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Omi dúró. Ní igun tó wà lápá ẹ̀yìn, ògiri fi ìka méjì lọ sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà họ orí. "Bàbá, ìka méjì péré ni. Òrùlé á bò ó."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Ó dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, bírìkìlà kan ní Ibafo. Bàbá tún ojú omi wò.

"Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá rẹ," ló wá wí.

Mo ti ń retí kí ó sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ohun tí mi ò kọ́ ọ̀gá rẹ dáadáa ni kò rí kọ́ ẹ." Ó ká jalabíà rẹ̀ sókè, ó so ó mọ́ ìdí, ó gun orí àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú búlọ́ọ̀kù igun náà fúnra rẹ̀.

Bírìkìlà mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yẹ̀pẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀! Èmi ni màá tú u."

"Dìde. Gbà á lọ́wọ́ mi, kó má bọ́ lé ẹ lórí."

Àwọn méjèèjì ló tú ìlà méjì kúrò, tí wọ́n sì tún un tò. Búlọ́ọ̀kù kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Òmíràn, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Èmi ni mò ń bu omi. Mi ò lè béèrè bóyá yóò sùn níbẹ̀.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, Bàbá gba kẹ́tù omi lọ́wọ́ mi, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun lórí òfìfo àpò sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn àdúà, ó wò mí.

"Yàrá tìrẹ dà?"

Mo fi hàn án. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, ojú ọ̀run ni òrùlé rẹ̀. Ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta sílẹ̀, ó ká rọ́bà rẹ̀ sábẹ́ orí bí ìrọ̀rí.

"Bàbá, ilé ò tíì parí o. Oòrùn ń pa yín."

"Kí ni ìwọ wà fún? Dúró síbẹ̀. Jí mi bí ó bá di àkókò ìrun Àsárì."

Kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Bírìkìlà mi tó wà lórí ògiri gbọ́ ọ, ó rọra gbé ṣíbí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi dúró sáàárín oòrùn àti ojú Bàbá. Bí oòrùn ṣe ń yí ni èmi náà ń yí, kí òjìji mi má kúrò lójú rẹ̀.