Ẹ̀jẹ́ Tí Àbúrò Mi Fi Orin Jẹ́

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti dàgbà ní Òrè, yóò sọ fún yín pé láyé ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣì jẹ́ ìjọba, kò sí awakọ̀ agbégilódò tó tó mi. Ìwé kejì ni mo kà dé tí mo fi ju síléètì sílẹ̀, kò sì dùn mí. Bí mo bá ń gbé gẹdú bọ̀ láti inú igbó, láti Òdìgbò ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ mi, àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké á yà sínú koríko. Ẹnu mi kò sì sinmi. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tí mo ń dákẹ́ fún, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi. Bó bá la ẹnu láti kọrin, tí mo bá wà nínú ọkọ̀, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì.

Sopiránò ni ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pè é. Tíṣà ni ọ̀gá akọrin yìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbàgbé gíláàsì ojú rẹ̀ bó tiẹ̀ gbàgbé bàtà. Ó ní ohùn obìnrin tó bá ga ju ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé nílùú òyìnbó irú wọn ló máa ń ṣe ayaba nínú eré, tí ayaba náà á máa kú lọ, tí orin kò ní tán lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Tíṣà, ẹni tó ń kú, tó tún ń kọrin? Kí ló ń pa á gan-an?"

Gbogbo akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ́pẹ́rà nìyẹn. Àwa náà máa ṣe tiwa."

A sì ṣe é. Eré méjì ló kọ́ wọn. Èkíní, eré apanilẹ́rìn-ín, ti ọkọ kan tó máa ń jí ẹran inú ìkòkò jẹ, tí ìyàwó rẹ̀ wá ju akàn láàyè sínú ìkòkò náà. Atún-kẹ̀kẹ́-ṣe kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí àgbá òfìfo ló ṣe ọkọ. Àbúrò mi ló ṣe ìyàwó. Bí akàn bá ti di ọwọ́ ọkọ mú, tí ọkọ ń ké nísàlẹ̀, àbúrò mi á gba igbe náà lẹ́nu rẹ̀, á gbé e gun òkè, á tún gbé e gun òkè, á fi ọwọ́ lé ìbàdí, á máa yí ojú kiri bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo ti rí àgbàlagbà tó já bọ́ látorí àga nítorí ẹ̀rín yẹn.

Èkejì ni ti Ánà nínú Bíbélì, obìnrin tí kò bímọ, tó lọ ń sunkún nínú tẹ́ḿpìlì, tó ṣèlérí pé bí Ọlọ́run bá fún òun lọ́mọ, òun á dá ọmọ náà padà fún Ọlọ́run. Èyí ni mo jókòó láti sọ.

Àbúrò mi náà kò bímọ. Àgbẹ̀ kòkó ní Àgó Aláyé ló fẹ́ ẹ, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ìyá ọkọ sì ti ń fi ẹnu gún un bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ọ̀gá akọrin ní àbúrò mi ló máa ṣe Ánà, mo bínú. Mo ní kí ni wọ́n ń fi àbúrò mi ṣe, ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè sunkún ni?

Òun fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró. "Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Nílé, bí mo bá sunkún, wọ́n á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á ní mo ṣe dáadáa."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá nìyí. Ẹni tó máa ṣe àlùfáà Élì kò sí. Nínú ìjọ Aládùúrà tiwa, aṣọ funfun kì í ṣe aṣọ eré. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tó bọ́ bàtà, tó dúró níwájú àbẹ́là, ohun tó bá sọ, Ọlọ́run ló bá sọ ọ́. Gbogbo ọkùnrin tí ọ̀gá akọrin bẹ̀ ló sá. Ló bá lọ bẹ wòlíì kan ní Aráròmí-Obù, bàbá àgbà tó ní ilé àdúrà tirẹ̀ níbẹ̀, pé òun nìkan ni aṣọ náà tọ́ sí. Bàbá gbà. Inú ọ̀gá akọrin dùn púpọ̀. Kò ronú rẹ̀ pé bí wòlíì tòótọ́ bá ti wọ aṣọ tòótọ́, tó tan àbẹ́là tòótọ́, eré ti tán níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ń bọ̀ wá jókòó síwájú pẹpẹ ni.

Pápá ilé ìwé ní Òdìgbò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, nírọ̀lẹ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Èmi ni mo fi agbégilódò mi kó àga lọ. Àbúrò mi wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, ó kúnlẹ̀. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ohùn tó kéré bí ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Olúwa, ṣí mi nínú,
Ọmọ tí o bá fi fún mi,
Tìrẹ ni, tìrẹ ni,
N kò ní í gbà á padà."

Nígbà tó dé "tìrẹ ni" kejì, ohùn náà gòkè dé ibi tí mi ò rò pé ènìyàn lè dé. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi etí gèlè nu ojú. Wòlíì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Máa lọ ní àlàáfíà, Ọlọ́run ti gbọ́." Gbogbo pápá dáhùn, "Àmín!" Wọ́n dìde láti dáhùn, wọ́n bọ́ fìlà. Èmi tí mo mọ̀ pé eré ni, èmi náà dìde.

Kí ọdún tó yí po, àbúrò mi lóyún.

Ẹ ò rí ayọ̀. Ìyá ọkọ tó ń fi ẹnu gúnni ló ń pọnmi fún un. Ó bí obìnrin, ọmọ pupa tí igbe rẹ̀ ga bí ohùn ìyá rẹ̀. Mo pa ewúrẹ́, mo sì sọ fún gbogbo Òrè pé irú ọmọ yìí kò tíì dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ni àgbà ìjọ kan kọ́kọ́ sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa o. Tí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú, ilé àdúrà ló ń lọ."

Mo rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ti ń rákò ni ọ̀rọ̀ náà ń dàgbà. Wọ́n ranṣẹ́ pè wá sí ìpàdé àwọn àgbà. Mo wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí mi lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, eré ni. Ṣé ọkùnrin tí akàn di lọ́wọ́ mú, ẹ ti lọ wẹ egbò fún un?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èyí àgbà nínú wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Awakọ̀, nínú eré akàn, aṣọ wo ló wọ̀?"

"Aṣọ ilé."

"Nínú èyí ńkọ́?"

Ó tún ní, "Ta ló gbé ọwọ́ lé e lórí? Ṣé ìwọ náà kò ṣàmín?"

Mo ní Sámúẹ́lì ọmọ Ánà tí Bíbélì wí kì í ṣe obìnrin. Ó ní, "Ọmọ ló tọrọ, ọmọ ni Ọlọ́run fún un. Ó dáa, ẹ mú un lọ sílé. Àwa kọ́ ló ni ín. Ẹni tó ni ín á wá gbà á fúnra rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó pa wá nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ká jà, mo mọ ìjà jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ibà mú ọmọ, ibà lásán tó ń ṣe gbogbo ọmọ, àbúrò mi sì jókòó tì í, kò jẹun. Ọkọ rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó lọ. Kó wà láàyè níbòmíràn, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kó kú sí wa lọ́wọ́."

Tíṣà tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ń sáré láti ọ̀dọ̀ àgbà kan sí òmíràn, ó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní eré nílùú òyìnbó. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bá a gbàdúrà.

Nígbà tí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, àbúrò mi fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí Aráròmí-Obù. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Kò sunkún. Ó ń kọ́ ìyàwó wòlíì bí wọ́n ṣe ń fún un ní ẹ̀kọ mu, pé kò fẹ́ràn rẹ̀ ní gbígbóná. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ní kí n dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀bá igbó, ó fún ọmú rẹ̀ dànù sórí ewé, ó wọlé padà.

Ẹ ó rò pé kò tún ní í kọrin mọ́. Ó kọrin. Gbogbo àgbègbè ló fẹ́ rí obìnrin tí Ọlọ́run dá lóhùn. Wọ́n pè wá dé Àgbàbú, níbi tí ọ̀dà títì ti ń yọ láti inú ilẹ̀. Kò kọ ìpè kankan, nítorí wọ́n tún máa ń pè wá sí Aráròmí-Obù nígbà ìkórè, ibẹ̀ nìkan ló sì ti lè rí ọmọ rẹ̀. Wòlíì kò fẹ́ kó máa wá lásán. Ó ní ẹni tó bá ti fúnni ní nǹkan kì í tún máa wá fọwọ́ kàn án.

Ìkórè kan wà, ọmọ náà ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré. Ó jókòó síwájú pátápátá nínú aṣọ funfun kékeré. Eré akàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Mi ò rí i kí àbúrò mi ṣe eré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí ojú, ó mi ìdí, ó gbé igbe ọkọ dé òkè, ó jẹ́ kó já, ó tún lọ bá a lókè, gbogbo rẹ̀ nítorí ẹni kan. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ìyá aláwàdà! Ẹ tún un ṣe!" Àbúrò mi tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àbẹ́là jáde fún eré Ánà. Àbúrò mi wọ sùtánà, ó kúnlẹ̀. Ó kọrin dé "ọmọ tí o bá fi fún mi", ó wá wo iwájú níbi tí ọmọ náà jókòó sí, ó pa ẹnu dé. Ọ̀gá akọrin tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò la ẹnu. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọn ò bínú rárá. Wọ́n ti mọ orin náà sórí, ìyẹn ló burú jù. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, "Tìrẹ ni," gbogbo ilé sì gbà á, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n ń bá a jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà tìfẹ́tìfẹ́, "Tìrẹ ni, n kò ní í gbà á padà," àbúrò mi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn, ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ọmọ náà ń kọ ọ́ pẹ̀lú wọn.

Kò tún gun ìtàgé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wá bá mi nídìí ọkọ̀.

"Bùọ̀dá mi, ẹ lọ bá mi gbé ọmọ mi wá."

"Ẹ̀jẹ́ náà ńkọ́?"

"Bí yóò bá pa ẹnì kan, èmi ló jẹ́ ẹ."

Mo lọ. Èmi nìkan, pẹ̀lú agbégilódò mi, mo sì ti múra sílẹ̀ láti fọ́ ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó dènà mi. Wòlíì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ó wà lẹ́yìn ilé. Tó bá tẹ̀ lé ọ, máa mú un lọ, ọmọ mi. N kò ní í gégùn-ún."

Mo bá ọmọ náà lẹ́bàá ààrò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Wá, ìyá rẹ ní kí n mú ọ wá."

Ó nawọ́ sí ìyàwó wòlíì tó ń fẹ́ná. "Ìyá mi nìyẹn."

"Ìyá rẹ gan-an. Èyí tó kọrin akàn."

"Ìyá aláwàdà?" Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ yí padà. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ó ké. Ẹ gbà mí gbọ́, igbe náà gòkè, ó tún gòkè, ohùn àbúrò mi gẹ́lẹ́ ni, kò sí ìyàtọ̀, ó sì ń fi í pe ìyàwó wòlíì náà ní ìyá. Ọwọ́ mi yìí, tó ti ti gẹdú kúrò lójú ọ̀nà, ọwọ́ kan tó láti gbé e. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó sá lọ lẹ̀ mọ́ aṣọ obìnrin náà. Obìnrin náà kò wo ojú mi. Òun náà ń sunkún.

Nígbà tí mo dé Òrè, àbúrò mi ti wà ní oríta. Ó ti gbọ́ ìró ọkọ̀ mi. Ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tún wo mí. Mo fẹ́ parọ́ pé wọ́n gbé ọmọ pamọ́, pé àwọn ọkùnrin pọ̀ jù mí lọ. Irọ́ náà kò jáde.

Mo ní, "Ó wà dáadáa. Kò mọ̀ wá ni."

Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè. Ó ní, "Kò tíì dúró tì mí rí. Ó ti ga tó ibo?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ hàn án lára ọkọ̀, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń di ilẹ̀kùn mú. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ojú ibẹ̀. Fèrè ń dún, ènìyàn ń bú mi, mi ò sì bú ẹnikẹ́ni padà. Mo dúró tì í títí ó fi gbé ọwọ́ kúrò.