Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Lọ Bẹ Onílẹ̀

Tèmi ni ilé, ilẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bí ẹ bá mọ Banifandou, àdúgbò wa nílẹ̀ Zarma níbí, ẹ ó ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹténà onírin tí wọ́n gé fèrèsé sí lára, tí wọ́n gbé ka búlọ́ọ̀kù lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Mẹ́jọ la wà lórí ilẹ̀ Alájì. Olúkúlùkù ló ra ilé tirẹ̀, gbogbo wa sì ń san owó ilẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n ní ilé tó ṣeé gbé kiri ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó wá gbé e ká wò ó.

Èmi àti ìyá mi là ń gbé inú rẹ̀. Ojú Màámi ti fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ẹ ò ní mọ̀. Wọ́n á fọwọ́ tọ ara irin dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ka ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án dé ibi ẹ̀rọ omi, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á sì padà láìbi ẹnikẹ́ni. Wọn ò lè dá a ṣe níbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí Alájì ránṣẹ́ pé owó ilẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì, pé ẹni tí kò bá lè san án kó gbé ilé rẹ̀ kúrò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Aṣọ ni mò ń tà, mo sì ń wọn ọ̀pá márùn-ún fún ẹni tó ra mẹ́rin. Obìnrin Zarma kan tó múlé tì mí, tó mọ ìwé Faransé dáadáa, ló wá sọ fún wa pé mẹ́rì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ti ṣòfin: onílẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ fi kún owó ilẹ̀ irú àwọn ilé wa láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá sọ ìdí rẹ̀ níwájú wọn. Gbogbo wa tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀sùn. Wọ́n dá Ọjọ́bọ̀ fún wa.

Ó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́ nígbà yẹn. Àwọn méje yòókù jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́ nílé, mi ò lè jókòó. Báwo ni n óo ṣe dúró níwájú ìjọba kí n máa bá àgbàlagbà ṣẹjọ́, ẹni tó bá wa sin bàbá mi? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí òfin bá gbè wá lónìí, òfin ò ní bá wa gbélé. Alájì ni yóò máa rí wa lójoojúmọ́. Bí mo ṣe ra ṣúgà àti tíì nìyẹn ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Alájì, ẹ má bínú. Ẹ forí jìn mí, èmi ni mo jẹ̀bi. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ labẹ gé." Yorùbá tó bá ń ka èyí mọ̀ pé mi ò tíì sọ nǹkan kan. Bí ìgbà téèyàn ń kí ẹlòmíràn ni. Ẹni tó tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá, a máa ń ní kó má bínú, kó lè gbẹ́sẹ̀. Àgbà tí a bá bẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ní ká dìde, òun náà yóò sì wá ibi tí yóò ti rọ̀ fún wa. Hausa ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ Yorùbá ni. Àkọ́bí Alájì, tó ti di bàbá ọlọ́mọ, jókòó tì í. Ó ní kí n tún un sọ. Èmi òmùgọ̀, mo tún un sọ. Alájì gba ṣúgà, ó ṣàdúrà fún Màámi, mo sì wá sílé jẹun yó.

Ní mẹ́rì lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ bi Alájì nídìí tó fi fi kún owó ilẹ̀. Kò rí ìdí gidi sọ. Obìnrin náà ní owó ilẹ̀ ò ní lékún. Mo ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí ọmọ Alájì dìde. Ó ní èmi ò sí nínú ẹ̀sùn yẹn mọ́, pé mo ti wá bá wọn nílé, mo jẹ́wọ́, mo sì gba ohun tí bàbá òun sọ.

Obìnrin náà kọjú sí mi. "Ṣé lóòótọ́ lẹ lọ?"

"Mo lọ."

"Ṣé ẹ sọ pé ẹ jẹ̀bi?"

Mo fẹ́ purọ́, kí Ọlọ́run forí jì mí, ṣùgbọ́n Alájì ń wò mí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́..." Obìnrin náà ò dúró gbọ́ àmọ́ mi. Ó ní àwọn tó ń jà ni òfin wà fún. Àwọn tó bá ti parí ọ̀rọ̀ wọn nílé, ìjọba ò ní dá sí i. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: kí n máa san ìlọ́po méjì, tàbí kí n kúrò kí oṣù tó parí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi fẹ́ bó. Obìnrin Zarma yẹn bi mí bóyá orí mi pé. Níta, Alájì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun kí Màámi. Kò bínú sí mi rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Iye tí wọ́n ń béèrè yẹn, ọjà mi ò lè gbé e. Lánàá ni mo pe ẹni tó ní ọkọ̀ tó ń gbé kọ̀ǹténà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi òòlù kan ìsàlẹ̀ irin, ìpẹtà sì ń já bọ́. Ó ní bí òun bá gbé e, àfàìmọ̀ kó má já sí méjì. Ó wá ní, "Níbo la tiẹ̀ ń gbé e lọ?"

Màámi gbọ́ ìró òòlù láti inú ilé. Wọ́n béèrè pé ta ni.

Mo ní, "Àlejò ni, Màámi."

Wọ́n ní, "Bu omi fún un, jọ̀ọ́."

Mo bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó dá ife padà fún mi, ó sì tún bi mí pé níbo.