Ogún Ọ̀pẹ Tí Mo Wó ní Kódífúà

Ọjọ́ tí mo já bọ́ lórí ọ̀pẹ lójú ọ̀nà Ọ̀rà, mo pẹ́ lófuurufú débi pé mo ráyè pín dúkìá mi. Mo fún àkọ́bí mi ní kẹ̀kẹ́ ológeere, mo fún ìyàwó mi ní ilé, mo sì ń ro ẹni tí n ó fún ní ajá lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù díẹ̀: ọ̀pẹ náà kò ga tó bẹ́ẹ̀, igbó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì nípọn. Ọrùn ọwọ́ mi kan ṣoṣo ló yẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, òótọ́ sì ni pé ìròyìn ìṣubú mi dé ilé kí èmi fúnra mi tó dé ibẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ìlá níhìn-ín, ló kọ́kọ́ sáré dé. Kò tiẹ̀ kí mi. Ó mú igbà mi, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, ó ká a bí ẹni ká ẹní, ó gbé e lọ sílé rẹ̀, ó sì tì í mọ́nú àpótí. Ìgbà tó padà dé ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàámi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jókòó. Àwa ni a ó máa bọ́ yín."

Bọ́ kẹ̀! Èmi tí mo fi ẹmu bọ́ ọmọ márùn-ún, tí mo fi ẹmu náà rán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí níwèé, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé tirẹ̀ fi gùn ju tèmi tó dúró ní kíláàsì kẹrin lọ! Mo wo ọwọ́ mi tí wọ́n fi aṣọ dì. Mo sọ ọ́ nínú ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ kejì bá ṣì lè di ọ̀bẹ mú, ẹnikẹ́ni kò ní bọ́ mi.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọdún Ìsìnró dé, àwọn ọmọ Ìlá tó wà lẹ́yìn odi sì wálé. Ọ̀kan nínú wọn ní oko ní Kódífúà. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ti dolóògbé ni. Mo ti gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó tọ́ ẹmu tí mo gbé síwájú rẹ̀ wò, ó sì fa ojú ro.

"Bàbá, èyí kì í ṣe tiyín."

"Wọ́n ti gba igbà lọ́wọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún, adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá adẹ́mu. Ẹ ó kàn jókòó tì í ni."

Mo ti rò pé èmi ni òpùrọ́ àgbà ní Ìlá. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé ńṣe ni wọ́n máa ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá gbẹ́ ihò sí i lọ́rùn, kí ẹmu máa kán sínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń wá ẹni tó mọṣẹ́. Owó oṣù wà, yàrá wà, oúnjẹ wà, ìsinmi wà lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó yí owó oṣù náà sí náírà, mo ní kó tún un yí, nítorí ohun tí mo ń rí lóṣù mẹ́rin nílé ni. Nílé náà, ta ní í san owó oṣù fún adẹ́mu? Bí òjò bá pọ̀, ẹmu á lómi. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ọ̀pẹ á háwọ́. Oníbàárà á sì tọ́ ọ wò títí agbè á fi dín kó tó béèrè pé èló ni.

Ìyàwó mi kò fẹ́ gbọ́. "Bàbá wọn, ẹ fẹ́ lọ ṣe lébìrà lọ́dọ̀ ọmọ tí ẹ ń nu ikun nímú rẹ̀?"

"Ìyá wọn, imú rẹ̀ ti gbẹ. Owó rẹ̀ ni kò gbẹ."

"Ta ni yóò máa gbọ́ irọ́ yín níbẹ̀?"

"N ó máa kó wọn jọ dè ọ́."

Ọmọbìnrin mi kò gbà títí ọkùnrin náà fi ṣèlérí níwájú rẹ̀ pé ẹsẹ̀ mi kò ní kúrò nílẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré, ó parí.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Kódífúà: wọ́n ń tọ́jú òṣìṣẹ́. Wọ́n fún mi ní bàtà òjò, wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì tó ní fóòmù, búrẹ́dì tí mo ń jẹ láràárọ̀ sì fi ìka mẹ́rin gùn ju apá mi lọ. Agogo á dún tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, á tún dún tí iṣẹ́ bá parí. Nílé, èmi ni agogo ara mi, n kì í sì í dún ìparí. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi nìkan ló le. Láràárọ̀ tó bá wà lóko, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Á wá dìde, á gbọn eruku aṣọ, á sì rán mi níṣẹ́. Ọkùnrin ará Bùrùkínà kan wà tí àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ó fi ọwọ́ bi mí pé nínú èmi àti ọkùnrin náà, ta ni ọ̀gá. Mo na ìka sí ara mi.

Ọ̀gá fi ogún ọ̀pẹ hàn wá, ó ní kí á wó wọn, kí n dá ẹmu wọn. Ó sì padà sí Àbíjàn. Mo dúró níwájú àwọn ọ̀pẹ náà, mo gbé ojú sókè. Ọ̀pẹ tó ṣì máa fúnni lẹ́mu fún ọdún gbọọrọ ni. Ní Ìlá, ẹni tó bá wó irú wọn, àwọn ará ilé rẹ̀ á pe ara wọn jọ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ ọ̀pẹ í gùn ni. N ó fi iṣẹ́ Ìlá hàn wọ́n.

Mo hun igbà tuntun. Ará Bùrùkínà ká ọwọ́ lérí. Mo gùn. Ẹ̀rù bà mí lórí ti àkọ́kọ́. Lórí èkejì, mo ti ń kọrin. Lórí ẹ̀kẹta, ẹyẹ kan kí mi kú àbọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gùn wọ́n láàárọ̀, tí mo gùn wọ́n nírọ̀lẹ́, ẹmu sì ń wá, funfun, dídùn, tó ń hó yaya. Mo ń retí ọ̀gá kó wá yìn mí.

Ó dé lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ó rí ogún ọ̀pẹ rẹ̀ lóòró, kẹ́ẹ̀gì lọ́rùn wọn bí ẹ̀gbà. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo gba ọ̀pẹ rẹ là."

"Ta ló bẹ̀ yín? Ilẹ̀ ni mo fẹ́ kó ṣófo!"

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ọ̀gbìn rọ́bà ló wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú, tó tò lọ súà, tó ń dúró de ilẹ̀ tí wọ́n máa gbìn ín sí. Ọ̀pọ̀ ti ń rọ.

"Èènì ni ẹmu yẹn, Bàbá. Kí ọ̀pẹ kúrò nílẹ̀ ni mo ṣe ń sanwó. Tí ẹ bá sì já bọ́ níbí, ẹnu wo ni n ó fi sọ fún ọmọ yín? Ẹ má bínú, sà. Tí wọ́n bá ṣì wà lóòró lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó dá yín padà sílé."

Ó lọ. Mo jókòó sórí garawa tí mo dojú rẹ̀ dé. Tí mo bá padà báyìí, mo mọ ohun tí mò ń padà sí: àga kan níwájú ilé, àti abọ́ oúnjẹ tí wọ́n á máa gbé wá bá mi. Mo dìde, mo ju igbà tuntun náà síná, mo gbé ṣọ́bìrì.

A wó gbogbo ogún. Bí kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣubú ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé èmi náà já bọ́ rí, mo mọ bó ṣe ń rí.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé iṣẹ́ orí ilẹ̀ rọrùn. Ọ̀pẹ tó dúró, itan àti àyà ló ń jẹ. Èyí tó dùbúlẹ̀, ìbàdí ni. Iná la fi ń jó ojú ihò rẹ̀ láràárọ̀, èéfín á kún ojú ẹni, kò sì ní pẹ́ tí ẹmu á tán, tí igi á jẹrà. Àmọ́ owó oṣù ń dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé. Ó dé lóṣù tí òjò dá wa jókòó. Ó dé lóṣù tí ibà gbé mi dè. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti ọjọ́ tí mo ti ń dá ẹmu. Ohun tí n kò rí níbẹ̀ ni ẹni tó máa tọ́ ẹmu wò, kó ní, "Ti Bàbá nìyí." Inú àgbá kan náà ni wọ́n ń da ti gbogbo wa sí.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ọ̀gá bẹ̀ mí kí n dúró. Mo ní rárá, mo ti rí ohun tí n ó ṣe. Nínú oko aládùúgbò rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pẹ kan báyìí, kúkúrú, tó jẹ́ pé téèyàn bá dúró sílẹ̀, tó na ọwọ́, ó dé ọrùn rẹ̀. Kò sí gígùn, kò sí wíwó. Nígbà tí mo dé Ìlá, mo fi owó mi ra ogún ọ̀gbìn irú rẹ̀, mo sì gbìn wọ́n sílẹ̀ mi lójú ọ̀nà Ọ̀rà.

Ọmọbìnrin mi wá wò wọ́n. "Bàámi, ó máa tó ọdún mélòó kí ẹ tó lè dá wọn?"

"Bíi márùn-ún."

Ó wo àwọn ọ̀gbìn náà, ó wo ewú orí mi.

"Parí ìṣirò tí ò ń ṣe, kí n gbọ́ èsì."

"Mi ò ṣe ìṣirò kankan, sà."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ nírọ́ pípa, mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé igbà mi jáde nínú àpótí, ó mú un wá bá mi lóko. Ó ní kí n fi so ọgbà yí àwọn ọ̀pẹ náà ká, kí ewúrẹ́ má baà jẹ wọ́n. Mo fi so ó. Okùn náà ṣì le dáadáa, ṣùgbọ́n n kò sọ ìyẹn fún un.

Lójò tọdún yìí, èyí tó ga jù nínú wọn ti dé ìdodo mi. Mò ń ro ìdí wọn láràárọ̀. Ọ̀bẹ ẹmu mi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń pọ́n ọn.