Dísù Tí Kò Tètè Gbiná

Èwo ló ṣáájú: rííńgì tuntun tí mẹkáníìkì fi sínú ẹ̀rọ bàbá mi, àbí kẹ́ẹ̀gì dísù tí mo gbé wá láti Ilé-Ogbó? N kò rántí mọ́. Mo yẹ ìwé ìrántí mi wò; ìbínú nìkan ni mo kọ síbẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń lọ pákí ní Ìwó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láràárọ̀. Wọ́n á yí i títí, èéfín funfun á bò wá, àwọn obìnrin tó gbé pákí wá láti Olúpọ̀nnà á sì máa dúró. Àfìgbà tí mẹkáníìkì bá ti àkísà tó ń jó sún mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ ni yóò tó ṣiṣẹ́.

"Ó ti gbó, Alàájì," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ra àlòkù irin gbé e lọ."

Ẹ̀rọ náà ni bàbá fi rán mi ní yunifásítì, òun náà ló ń bọ́ ilé. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má tà á. Dísù yìí ni kò dáa. Ní ilé ìfọpo, bí wọn kò bá fi afẹ́fẹ́ háídírójìn tún un ṣe lábẹ́ ooru líle, kì í tètè gbiná."

"Àǹtí yunifásítì," ni mẹkáníìkì wí, "ṣé ká wá fún un ní àgbo ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Dísù kan náà ni lọ́rì ń mu, lọ́rì sì ń rìn."

Mo ti rí lọ́rì tí wọ́n ń tì láràárọ̀ ní gáréèjì, ṣùgbọ́n mo rò pé bóyá ojú mi ló ń tàn mí.

Mo lọ bu dísù tí àbúrò ìyá mi ti rà tipẹ́, kí èyí tó wà nílùú tó dé, sínú kẹ́ẹ̀gì ní Ilé-Ogbó. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àkísà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mẹkáníìkì pààrọ̀ rííńgì.

"Ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi," ó ní.

Lọ́jọ́ kẹta, kẹ́ẹ̀gì tán. A padà sórí dísù tí wọ́n ń tà nílùú, èéfín funfun padà. Mẹkáníìkì ní rííńgì náà kì í ṣe ojúlówó. Bàbá kò bi mí léèrè mọ́. Àwọn tó ń ra àlòkù irin gbé ẹ̀rọ lọ kí á tó kírun Jímọ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí a jọ ka kẹ́mísírì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo kan, sọ fún mi pé ẹ̀ka tó ń fi háídírójìn tún dísù ṣe níbẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá lọ́dún tí ẹ̀rọ bàbá mi ń kọ̀. Bó ṣe wà ni wọ́n ṣe tú dísù náà jáde fún ìlú.