Ọkùnrin Tó Di Ìjánu Mú

Ọkùnrin dúdú tó di ìjánu ẹṣin mú nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀ wa kì í ṣe ẹbí mi. Èmi ni mo sọ pé àbúrò bàbá bàbá mi ni, ẹni tí mo sì sọ ọ́ fún gbà mí gbọ́ pátápátá.

Nígbà yẹn, wọ́n ń kọ́lé ní Dublin bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ tán. Iṣẹ́ wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú, èmi àti ìyàwó mi sì ti gba tiwa lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí a fi ń retí. A ń gbé ní Hartstown pẹ̀lú ọmọ wa obìnrin. Iṣẹ́ síkúríìtì ni mo ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ mọ iṣẹ́ síkúríìtì: èèyàn á dúró sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́, gbogbo ayé á gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè pé kí ló rò nípa ohunkóhun. Ìyẹn dùn mí ju òtútù lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó ń kó ohun ogun àtijọ́ jọ máa ń pàtẹ ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ta bọ́tìnnì àti fìlà irin. Ti bàbá arúgbó kan yàtọ̀. Ohun èlò àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Jámánì nìkan ló ń kó jọ, ti ìgbà tí wọ́n ṣì ní ọba. Bí ẹnikẹ́ni bá wò ó níwòkuwò, ó máa ń yára sọ pé òun ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àwọn ìkà tó gbàjọba lẹ́yìn ọba náà. Gàárì, ìjánu, kẹ́sẹ́, ọ̀kọ̀ gígùn, àti fọ́tò lóríṣiríṣi ló wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ń tọ́jú ẹṣin fún ìjòyè kan títí ó fi kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì máa ń tẹ̀ lé lọ sí ibùso ẹṣin. Nígbà tí mo rí gàárì lórí tábìlì bàbá yìí, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Mo fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, mo lọ fọwọ́ kan awọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹsẹ̀ òsì ẹni tó ń gun èyí ò dáa tó. Ẹ wò ó bí awọ ṣe gbó níhìn-ín ju ọ̀hún lọ."

Bàbá náà tẹ orí sí i, ó wò ó títí. Ó ní ó ti pẹ́ tí gàárì náà ti wà lọ́wọ́ òun, òun ò sì kíyè sí i rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ní kí n wá sí ilé òun ní ìlú Rush ní Saturday tó ń bọ̀, kí n wá bá òun fi òróró pa awọ.

Bí mo ṣe di èèyàn ibẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo Saturday, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì méjì, màá kọjá lára àwọn oko ewébẹ̀, màá dé yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tó ń rùn fún awọ àti òróró. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Èmi á máa pa awọ, òun á máa sọ ìtàn fún mi, á wá ní, "Kí lo rò sí i?" Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nítorí ìbéèrè yẹn, ǹ bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Rush.

Ní Saturday kan, ó gbé fọ́tò kan lé mi lọ́wọ́. Ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni wọ́n ti yà á, nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọ̀gá ológun mẹ́rin jókòó sórí ẹṣin. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ọkùnrin dúdú kan di ìjánu ẹṣin kan mú, ilà gígùn mẹ́ta mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, láti ẹ̀bá ojú dé àgbọ̀n. Lẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀gá. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹṣin. Wọn ò kọ ti ọkùnrin náà.

"Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń dùn mí," bàbá náà sọ. "Wọ́n mọ orúkọ ẹṣin! Ṣé ìwọ lè ka ilà yìí?"

Ìdáhùn rẹ̀ ò le. Mi ò mọ ilà kà. Wọn ò kọlà fún ìran tiwa mọ́, àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n, fóònù sì wà tí mo fi lè pè wọ́n. Àmọ́ ó ń wò mí bí ọmọ iléèwé ṣe ń wo olùkọ́, ìwò yẹn sì ń dùn mọ́ mi.

"Ilà ilé wa ni," mo ní. Ká ní mo tiẹ̀ dákẹ́ síbẹ̀. "Àbúrò bàbá bàbá mi ni. Ó kó ẹṣin lọ bá àwọn òyìnbó, kò padà wálé mọ́." Mo sì dárúkọ rẹ̀.

Àbúrò bàbá bàbá mi tòótọ́ kú sórí ẹní rẹ̀ ní Ìlọrin, gbogbo àdúgbò ló sì kírun sí i lára. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́. Omi lé ròrò sójú bàbá náà. Ó kọ orúkọ tí mo pè sínú ìwé ńlá tó ń kọ ìtàn àwọn nǹkan rẹ̀ sí. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti fi férémù sí fọ́tò náà. Ó ní òun ti ṣe ẹ̀dà kan fún ara òun, pé ti ẹbí ni ojúlówó, kí n máa gbé e lọ sílé.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró tì í ní pálọ̀. "He's the image of you, Dad!" ló ní. Ó gbé e lọ sí iléèwé, ó sọ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó mi dúró kí ọmọ gòkè lọ ná.

"Dádì," ó ní, "ṣé bàbá yín mọ̀ nípa story yìí? Because mi ò gbọ́ ọ rí o."

Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé gbogbo ìtàn ilé wa ló mọ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì mo fi fóònù pe bàbá mi, mo ṣàlàyé ilà náà fún wọn.

"Láti ẹ̀bá ojú?" bàbá mi ní. "Kì í ṣe tiwa. Kì í tiẹ̀ ṣe ti Yorùbá. Ọmọ ẹlòmíràn ni. Yáa lọ sọ fún wọn, àwọn èèyàn rẹ̀ lè máa wá a."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà, màá sọ." Mi ò sọ. Màá fi ẹnu kọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú bọ́ọ̀sì, màá tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Bí bàbá náà bá ti ṣílẹ̀kùn, tó kí mi, tó ní "Ọmọ ẹlẹ́ṣin ti dé," ó parí nìyẹn. Èmi ọmọ ẹlẹ́ṣin á wọlé lọ mu tíì.

Inú bàbá náà dùn débi pé ó fi fọ́tò náà àti ìtàn mi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kékeré kan tí àwọn tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ máa ń kà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Obìnrin ará Kamẹrúùnù kan tó ń gbé ní Jámánì ló kọ ọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kò sì ní fọ́tò bàbá rẹ̀ kankan. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ọ̀hún ń tọ́jú ẹṣin àwọn Jámánì. Ilà mẹ́ta mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, láti ẹ̀bá ojú dé àgbọ̀n. Okùn ẹṣin ti gé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì rẹ̀ já nígbà tó wà lọ́mọdé. Obìnrin náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí wa, ó ní ó lè jẹ́ pé òun ló ṣi í, àmọ́ kí a jọ̀ọ́ wo ọwọ́ náà.

Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ bàbá náà ò mọ́lẹ̀ tó. Ó ní kí n gbé ojúlówó bọ̀. Ní Saturday kejì, mo dojú férémù náà bolẹ̀ lórí itan mi nínú bọ́ọ̀sì, mi ò wò ó títí mo fi dé Rush. Bàbá náà na awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi sí mi.

"Ojú tèmi ò gbé e mọ́," ó ní. "Ìwọ wò ó. Ohun tí o bá sọ ni màá kọ."

Mo wò ó. Ọwọ́ òsì ló fi di ìjánu mú, ó hàn gbangba. Ìka ìfábẹ̀lá ò sí níbẹ̀.

Mo rántí ọmọ mi níwájú kíláàsì rẹ̀. Mo rántí bí bàbá yìí ṣe máa wò mí lẹ́yìn tí mo bá sọ̀rọ̀. Mo rántí ìyá arúgbó náà pẹ̀lú, mi ò ní fi irọ́ kún irọ́ pé mi ò rántí rẹ̀. Mo gbé awò náà sílẹ̀.

"Ìka rẹ̀ pé," mo ní. "Márààrún ló wà níbẹ̀."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Grand," ó ní. "Àánú ìyá yẹn ṣe mí, àmọ́ inú mi dùn fún ẹ." Ó jókòó, ó kọ èsì. Èmi ni mo bá a kọ àdírẹ́sì obìnrin náà sára àpò ìwé. Ó ní kí n bá òun fi ránṣẹ́, nítorí àpótí lẹ́tà wà lẹ́bàá ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì.

Mo dúró níwájú àpótí náà títí bọ́ọ̀sì kan fi wá tó sì lọ. Nígbà tí mo rí èkejì lókèèrè, mo ju lẹ́tà náà sínú rẹ̀.

Bàbá náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ta gbogbo ohun tó kó jọ. Nínú lẹ́tà obìnrin yẹn, orúkọ tí ìyá arúgbó náà ń pe bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá náà kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Gbogbo bí mo ṣe ń gbìyànjú láti rántí rẹ̀ tó, mi ò rántí.