Ìgbọ̀nwọ́ Ọwọ́fúyẹ́

Bí Ọwọ́fúyẹ́ bá ń gẹrun fún èèyàn, oorun lè gbé onítọ̀hún lọ lórí àga. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ṣe é. Tòsì ti rọ láti kékeré, kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu.

Ọjọ́ tó fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù ìsọ̀ rẹ̀ ni àga yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló fi gúnlẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ yẹ̀ kúrò ní oríkèé, fọ́tò tí wọ́n yà ní ọsibítù sì fi hàn pé egungun ibẹ̀ fọ́ pẹ̀lú. Dókítà dá oríkèé padà, ó la ibẹ̀, ó fi ìṣó kan egungun pọ̀. Ó kìlọ̀ pé kí Ọwọ́fúyẹ́ máa rọra ká apá náà fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ra á, kí wọ́n má sì fà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó níbẹ̀, ó ń mi orí. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì gbà pé ara lè sàn láìjẹ́ pé ó dunni. Láràárọ̀ ni yóò gbé aṣọ ìnura gbígbóná lé ìgbọ̀nwọ́ náà, yóò forúnkún tẹ apá mọ́ bẹ́ẹ̀dì, yóò wá máa fà á. Bí àbúrò bá ké, ọ̀lẹ ni. Bó bá dákẹ́, ó ti ń sàn nìyẹn, á tún fà á sí i. Àwa aládùúgbò ń gbọ́ ọ, a sì ń yin obìnrin náà pé ó mọ ìtọ́jú. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí wọ́n fi máa padà sọ́dọ̀ dókítà, apá ti le gbagidi. Ìṣó ti yọ, oríkèé ti bàjẹ́, egungun mìíràn sì ti hù sínú ẹran. Dókítà béèrè ẹni tó fọwọ́ ra á. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni, bí ẹni tó ń retí ìdúpẹ́.

Dókítà ní kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n de oríkèé náà pa sójú kan títí ayé, tí kò ní lè ká tàbí nà mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa yan bá a ṣe máa dè é. Tá a bá ká a dáadáa, ọwọ́ yín á dé ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè gẹrun mọ́. Tá a bá nà án díẹ̀, ẹ á lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ni á máa fi oúnjẹ sí yín lẹ́nu."

"Iṣẹ́ ni kó o yàn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ṣebí mo wà níbẹ̀? Èmi ni màá máa bọ́ ẹ."

Ọwọ́fúyẹ́ wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí.

"Ẹnu ni, dókítà. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ Àǹtí mi tún kàn mí láyé mi."

Obìnrin náà ní kí dókítà má dá a lóhùn, pé ìrora ló ń sọ ọ́. Dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.